Ìlù Òru àti Oorun Aládùúgbò

Ta ni ó ni òru? Bí a bá bi onílé ijó, yóò ní òun ni ó ni ín, nítorí pé ìgbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá tán ni àwọn oníbàárà òun tó ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọṣọ, tí wọ́n ń jáde. Bí a bá bi ìyá ìkókó, tàbí awakọ̀ tí yóò gbéra ní agogo 4 ìdájí, òun náà yóò ní òun ni ó ni ín, nítorí pé òru ni a fi ń sùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Ìjà tí ẹnì kan ti jẹ̀bi pátápátá kì í pẹ́ parí. Èyí tí tọ̀tún tòsì jàre ni ó ń di ẹjọ́ ọdún gbọọrọ.

Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ẹjọ́ yìí. Ilé ọtí ń ké níhìn-ín, òde ìgbéyàwó ń ké lọ́hùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ń bú láàrin méjèèjì, ẹni tí kò rí oorun sùn ń kùn nínú yàrá rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òun lè fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀nà tí ìlú kan gbà ń yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ là yé yín lónìí. Ìlú náà ni Lọ́ńdọ̀nù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí méjì ni mo fi mú un. Èkíní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn fún ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí, tí wọ́n sì ń bá òfin ibẹ̀ pàdé. Èkejì, òfin náà la ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kedere, débi pé ọmọ ilé-ìwé lè tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá parí, a ó padà wálé, a ó wo ohun tí àwa náà lè rí mú nínú rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ òfin, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń ṣòfin lé lórí. Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń mọ bí ìró ṣe lágbára tó. Désíbẹ́ẹ̀lì ni orúkọ rẹ̀. Yàrá tí a ti ń sùn, tí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, lè wà ní nǹkan bíi 25 tàbí 30. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó máa ń tó nǹkan bíi 60. Inú ilé ijó tí gbohùngbohùn ń ké lè ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Òṣùwọ̀n yìí kò dà bíi rúlà tí ẹ fi ń fa ìlà. Bí a bá fi 10 kún désíbẹ́ẹ̀lì, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10. Bí a bá fi 20 kún un, ó ti di ìlọ́po 100. Etí wa kì í gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ìró tí a fi 10 kún máa ń dà bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì létí ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé, “Désíbẹ́ẹ̀lì 10 péré ni mo fi lé e,” ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “péré” yẹn tàn yín jẹ.

Ohun mìíràn tún wà tí gbogbo yín ti gbọ́ rí, bí ẹ kò tilẹ̀ ronú sí i. Bí àríyá bá ń lọ ní òpópó kejì, a kì í gbọ́ ohun tí olórin ń wí. Ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Gbì, gbì, gbì ìlù ńlá ni ó ń dé. Ìdí rẹ̀ ni pé ògiri àti fèrèsé máa ń dá ìró tín-ín-rín dúró, ṣùgbọ́n ìró tí ó kẹ̀ ń mi ògiri fúnra rẹ̀, ògiri náà yóò sì gbé e wọlé. Ìdí nìyí tí onílé ijó fi lè dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì búra pé ariwo òun kò jáde, nígbà tí bẹ́ẹ̀dì aládùúgbò rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò purọ́. Ohun tí etí rẹ̀ ń wá kọ́ ni ohun tí ó ń yọ ẹnì kejì lẹ́nu. Ẹ sì tún rántí pé ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rìn lóru, ọjà ti tú, àwọn ọmọdé ti sùn. Ìró tí ẹnikẹ́ni kò kà sí lọ́sàn-án di ńlá ní agogo 2 òru, nítorí kò sí ohun tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ó kù ìbéèrè kan tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè bí irú ìjà yìí bá ṣẹlẹ̀: ta ni ó kọ́kọ́ dé àdúgbò? Onílé ijó yóò ní, “Mo ti wà níhìn-ín kí ẹ tó kọ́ ilé yín. Ẹ kò rí mi kí ẹ tó ra ilẹ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dáhùn rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní òpópó Wigmore ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, Bridgman ni orúkọ rẹ̀, àdídùn ni ó ń ṣe tà. Odó ńlá méjì ni ó ń lò nínú ilé ìdáná rẹ̀ láti gún èlò iṣẹ́ rẹ̀, àwọn odó náà sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé dókítà kan tí ń jẹ́ Sturges, ẹni tí ilé tirẹ̀ kọjú sí òpópó Wimpole. Fún ọdún púpọ̀, kò sí ìjà. Ní ọdún 1873, dókítà yìí kọ́ yàrá tuntun sí ìpẹ̀kun ọgbà rẹ̀, níbi tí yóò ti máa yẹ àwọn aláìsàn wò, ògiri yàrá náà sì fara kan ògiri ilé ìdáná. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ tẹ́tí sí àyà aláìsàn, odó ni ó ń gbọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Bridgman ní òun ni òun kọ́kọ́ dé, àti pé ohun tí òun ti ń ṣe fún 20 ọdún ti di ẹ̀tọ́ òun. Ní ọdún 1879, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá dókítà láre. Wọ́n ní ọdún tí odó fi dún tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu kò lè ka ẹ̀tọ́ jọ fún ẹni tí ó ń gún un. Ọjọ́ tí ìyọlẹ́nu bẹ̀rẹ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ tún fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ pápá eré alùpùpù kan, pé ẹni tí ó kó dé lẹ́yìn kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìsinmi nítorí pé ó kó dé lẹ́yìn nìkan.

Ẹjọ́ yìí kọ́ wa ní ohun kan, ó sì tún fi àléébù kan hàn. Ó kọ́ wa pé “èmi ni mo kọ́kọ́ dé” kò tó láti parí ọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ máa ń dé lẹ́yìn tí ìjà ti gbó. Owó ti lọ, ọ̀tá ti wọlé láàrin aládùúgbò méjì, ẹnì kan yóò sì padà sílé pẹ̀lú òfo. Ǹjẹ́ kò sí ọ̀nà tí a fi lè jókòó sọ ọ́ kí ìlù àkọ́kọ́ tó dún? Ó wà. Ìwé àṣẹ ni ọ̀nà náà.

Òfin tí ó ń darí ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales ni wọ́n ṣe ní ọdún 2003. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu ní ọjọ́ 24 oṣù November, ọdún 2005. Kí ó tó dé, adájọ́ májísíréètì ni ó ń fún ènìyàn ní àṣẹ láti ta ọtí. Òfin tuntun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ adájọ́, ó gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pé àwọn káńsẹ́lọ̀ ni àwọn ará àdúgbò mọ̀, tí wọ́n sì lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọtí, tàbí tí ó fẹ́ ṣí ilé ijó fún gbogbo ènìyàn títí di òru, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ gbígbóná fún ará ìlú láàrin agogo 11 alẹ́ sí agogo 5 ìdájí náà gbọ́dọ̀ gbà á, nítorí ibi tí oúnjẹ bá ti ń jò lóru ni èrò ń pé sí.

Ohun mẹ́rin péré ni òfin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ wò. Èkíní ni dídènà ìwà ọ̀daràn àti rúkèrúdò. Èkejì ni ààbò àwọn tí ó wọlé wá. Ẹ̀kẹta ni dídènà ìyọlẹ́nu fún ará àdúgbò; abẹ́ èyí ni ọ̀rọ̀ ariwo wà. Ẹ̀kẹrin ni dídáàbò bo àwọn ọmọdé. Ohun tí kò bá sí nínú mẹ́rin yìí, wọn kì í gbọ́ ọ. Bí oníṣòwò kan bá ń kùn pé ilé ọtí tuntun yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ òun, wọn kò ní dá a lóhùn. Bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ràn irú àwọn ènìyàn tí ó ń lọ síbẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣe ẹjọ́.

Báyìí ni a ṣe ń tọrọ ìwé náà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí ilé yóò kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, yóò ya àwòrán ilé, yóò sọ wákàtí tí òun yóò fi ṣí àti èyí tí òun yóò fi tì, yóò sì sọ ohun tí òun yóò ṣe kí ariwo má bàa jáde. Ìwé náà yóò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn panápaná, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dà bíi wòléwòlé tiwa. Lẹ́yìn èyí, yóò lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú ilé náà, níbi tí ẹni tí ń kọjá lọ ti lè kà á, ìwé yìí yóò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28. Láàrin ọjọ́ 28 yìí, ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ̀wé láti fara mọ́ ọn tàbí láti takò ó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nǹkan kan, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ fi ìwé àṣẹ náà fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti tọrọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Aládùúgbò tí ó rí ìwé búlúù, tí ó ní kò kan òun, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò burú.

Bí ìwé àtakò bá wà, tí wọn kò sì lè yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn, káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta ni yóò sábà jókòó láti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, onílé ijó yóò sọ tirẹ̀, aládùúgbò yóò sọ tirẹ̀, ọlọ́pàá àti wòléwòlé yóò sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn káńsẹ́lọ̀ lè gbà, wọ́n lè kọ̀, wọ́n sì lè gbà pẹ̀lú àdéhùn. Ẹni tí ìdájọ́ wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 21 láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ májísíréètì.

Àdéhùn wọ̀nyí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń pín òru sí méjì. Wọ́n lè ní kí onílé ijó kọ́ ilẹ̀kùn méjì tẹ̀ léra, kí èkíní ti tì kí èkejì tó ṣí. Wọ́n lè ní kí fèrèsé wà ní títì láti agogo 11 alẹ́. Wọ́n lè ní kí a so ẹ̀rọ kan mọ́ gbohùngbohùn, èyí tí kò ní jẹ́ kí ohùn kọjá ìwọ̀n tí wòléwòlé fi lélẹ̀, bí ó ti wù kí inú olórin dùn tó. Wọ́n lè kà á léèwọ̀ láti da ìgò òfìfo sínú ààtàn lóru, nítorí ariwo ìgò a máa jí ènìyàn ju orin lọ. Wọ́n lè ní kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bẹ àwọn tí ń lọ sílé pé kí wọ́n má ṣe pariwo, àti pé kí nọ́ńbà tẹlifóònù kan wà tí aládùúgbò lè pè, kí ẹni tí yóò gbé e sì wà nítòsí ní òru náà. Ẹ ò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó sọ pé kí ijó má ṣe wáyé.

Bí onílé ijó bá ba àdéhùn jẹ́ ńkọ́? Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996 ka agogo 11 alẹ́ sí agogo 7 òwúrọ̀ sí òru. Inú ilé ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá ni wòléwòlé yóò ti wọn ìró náà. Bí ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà kò bá ju désíbẹ́ẹ̀lì 24 lọ, ariwo tí ó bá wọlé kò gbọdọ̀ ju 34 lọ. Bí yàrá náà kò bá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ariwo náà kò gbọdọ̀ fi ju 10 lọ lé ohun tí ó wà níbẹ̀. Wòléwòlé yóò kọ́kọ́ fún onílé ijó ní ìwé ìkìlọ̀, yóò sì fún un ní ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán, láti rọ ohùn sílẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ó lè san pọ́ùn 500 lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lè gbé gbohùngbohùn rẹ̀ lọ.

Ohun tí onílé ijó ń bẹ̀rù ju owó ìtánràn lọ ni àtúnyẹ̀wò. Nígbàkígbà tí ìwé àṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, aládùúgbò kan ṣoṣo lè bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n tún un wò. Àwọn káńsẹ́lọ̀ yóò tún jókòó. Wọ́n lè dín wákàtí kù, wọ́n lè fi àdéhùn kún àdéhùn, wọ́n lè dá ìwé náà dúró fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì lè gbà á pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Bí ó bá kọ̀wé pé, “Àwọn ènìyàn burúkú wọ̀nyí kò jẹ́ kí a gbádùn,” kò tíì sọ nǹkan kan. Ká ní ó kọ ọ́ báyìí pé, “Ní òru Sátidé, láti agogo 11:40 títí di agogo 2:15, a gbọ́ ìlù ńlá nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, fèrèsé wa sì wà ní títì. Mo pe nọ́ńbà wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni kò gbé e.” Ẹ wo bí èyí ti lágbára tó! Kò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí ibi tí onílé ijó yóò gbà sá. Ìdí nìyí tí wòléwòlé fi máa ń sọ fún olùfisùn pé kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́, wákàtí àti irú ariwo sínú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fẹ́ mọ ohun tí òfin yìí sọ nípa ówàḿbẹ̀. Bí a bá pe àwọn ènìyàn wa sí ìgbéyàwó, tí a kò gba owó ìwọlé, tí a sì ń fi ọtí ṣe wọ́n lálejò lọ́fẹ̀ẹ́, a kò nílò ìwé àṣẹ nítorí ijó àti ọtí náà. Bí a bá ta ìgò kan péré, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí gbọ̀ngàn náà kò bá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ẹni tí ń ṣe ìnáwó lè fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ fún àríyá ẹ̀ẹ̀kan, yóò san pọ́ùn 21, yóò sì fi í ránṣẹ́, ó kéré tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú. Gbogbo ènìyàn tí yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn alásè àti onílù, kò gbọdọ̀ ju 499 lọ. Ọlọ́pàá àti wòléwòlé ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti takò ó. Yálà a nílò ìwé tàbí a kò nílò rẹ̀, òfin ariwo kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tí ó gba gbọ̀ngàn, tí kò béèrè wákàtí tí wọn yóò pa gbohùngbohùn, lè rí i kí wọ́n paná lé e lórí nígbà tí àlejò pàtàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Títí di ìhín, ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ẹni tí ń sùn nìkan ni òfin wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé ijó àti ilé orin ni ibi tí ọ̀dọ́ olórin ti ń kọ́ iṣẹ́, tí onílù ti ń rí owó oúnjẹ, tí agbọ́tí àti alásè ti ń jẹun. Bí gbogbo wọn bá ti ìlẹ̀kùn, ìlú yóò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n yóò di ìlú tí kò ní orin. Ní ọdún 2007, irú ilé orin kékeré tí àwọn olórin tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 136 ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, ó ku 88. Kì í ṣe ariwo nìkan ni ó fa èyí. Owó ilé gbówó lórí, owó orí sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á ni pé àwọn oníṣòwò ilé ń kọ́ ilé ìgbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé orin tí ó ti pẹ́, àwọn tí ó ra ilé náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀sùn lọ.

Ẹ wo ti ilé ijó kan tí ń jẹ́ Ministry of Sound. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí i ní àdúgbò Elephant and Castle, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, oníṣòwò ilé kan fẹ́ kọ́ ilé gogoro alájà 41 sí òdìkejì títì náà gan-an. Àwọn onílé ijó mọ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá kó wọ ilé náà, tí wọn kò sì rí oorun sùn, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò kò ní jìnnà. Wọ́n takò ó fún ọdún mélòó kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ náà parí, nígbà tí Boris Johnson jẹ́ olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbà kí a kọ́ ilé náà, ṣùgbọ́n kí a kọ́ ọ lọ́nà tí ìró kò fi ní wọlé, kí a sì kọ ìwé kan mọ́ ilẹ̀ náà tí ó fún ilé ijó ní ẹ̀tọ́ láti máa dún bí ó ti ń dún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ilé níbẹ̀ ra ìwé náà mọ́ ọn.

Láti inú irú ìjà báyìí ni ìlànà kan ti jáde tí a lè pè ní “ẹni tí ó mú àyípadà wá ni yóò ru ẹrù rẹ̀.” Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà fi í sínú ìlànà ilé kíkọ́ wọn ní ọdún 2014, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú tiwọn ní ọdún 2018. Bí o bá gbé ilé ijó tuntun wá sí àárín ilé ìgbé, ìwọ ni yóò náwó sórí ògiri tí kò ní jẹ́ kí ìró jáde. Bí o bá kọ́ ilé ìgbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ilé ijó àtijọ́, ìwọ ni yóò náwó sórí fèrèsé tí kò ní jẹ́ kí ìró wọlé. Èyí kò tako ẹjọ́ odó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹjọ́ odó sọ pé ẹni tí ó dé lẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ láti sinmi. Ìlànà yìí sọ ẹni tí yóò sanwó ìsinmi náà, ó sì sọ ọ́ kí a tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé báyìí. Nàìjíríà náà ní òfin. Ní ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ariwo, àjọ NESREA ni ó ń mójú tó o. Ìlànà náà ka agogo 10 alẹ́ sí agogo 6 òwúrọ̀ sí òru. Ní àdúgbò tí ó jẹ́ kìkì ilé ìgbé, désíbẹ́ẹ̀lì 50 ni ó gbà fún ọ̀sán, 35 fún òru. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASEPA ti fi àgádágodo ti ilé ijó, ilé ọtí àti ilé ìjọsìn púpọ̀ pa nítorí ariwo. A kò lè sọ pé a kò lófin. Ohun tí a lè rí mú nínú ti Lọ́ńdọ̀nù ni àkókò tí a ń sọ̀rọ̀. Àgádágodo máa ń dé lẹ́yìn tí onílé ijó ti ná owó rẹ̀ tán, tí aládùúgbò sì ti sọ oorun rẹ̀ nù. Ìwé búlúù tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ń dé kí ẹnikẹ́ni tó pàdánù nǹkan kan. Ti Lọ́ńdọ̀nù náà kò pé o; kì í ṣe gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni ó ní wòléwòlé tí ń ṣiṣẹ́ lóru, ìjà ariwo kò sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, ìwé wà nílẹ̀ tí a lè ṣí wò láti mọ ẹni tí ó ba àdéhùn jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀ láàrin ara wa, àní kí ìjọba tó dá sí i. Ìwọ tí ó fẹ́ ṣí ilé ọtí, lọ sí ilé mẹ́wàá tí ó yí ọ ká kí o tó ra gbohùngbohùn. Sọ wákàtí tí o ó fi tì fún wọn, fún wọn ní nọ́ńbà rẹ, kí o sì dúró nínú yàrá ẹni tí ó sún mọ́ ọ jù lọ nígbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ ń dán ìlù wò, kí etí tìrẹ náà lè gbọ́ ohun tí òun yóò máa gbọ́. Yí ojú gbohùngbohùn kúrò ní ọ̀dọ̀ ilé àwọn ènìyàn. Ìwọ tí ó ń sùn, má ṣe dúró di ọjọ́ tí inú rẹ yóò fi ru kí o tó sọ̀rọ̀. Lọ bá a ní ọ̀sán, nígbà tí orí tutù, kí o mú ìwé tí o kọ ọjọ́ àti wákàtí sí dání. Ọ̀rọ̀ rere ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ni ó ń yọ ọfà lápó. Bí kò bá sì gbọ́, ìwé kan náà ni ìwọ yóò gbé tọ aláṣẹ lọ.

Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní ń ya. Onílé ijó tí ó fẹ́ kí ìlù òun pẹ́ láyé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bìkítà fún oorun aládùúgbò rẹ̀. Ó dàbọ̀ o, ó dìgbà mìíràn.